Ọmọ Tí Ìyàwó Bá Nílé

Ẹni tó bá ń jẹ́ Àlàbá, kò sẹ́ni tí í bi í pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Táyé ti wá, Kẹ́hìndé ti wá, Ìdòwú ti tẹ̀ lé wọn, òun ló wá kàn. Ṣùgbọ́n ní ti Àlàbá aránṣọ tó wà ní Tudun Wada yìí, orúkọ yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù. Táyé kò pẹ́ láyé. Kẹ́hìndé bá a lọ. Ìdòwú dàgbà, ó ti ń bá ìyá rẹ̀ pọnmi kí ibà tó gbé e. Àlàbá ló dúró, ó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ń tẹ̀ lé àwọn tí kò sí. Bí ènìyàn bá ké pè é lójú pópó, nígbà mìíràn a ṣe é bíi kí ó wo iwájú, bóyá àwọn mẹ́ta ọ̀hún dúró dè é níbì kan.

Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún, kò sì tíì lọ́kọ. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò wá. Ọ̀kan wá nígbà tó wà lọ́mọge, ó fẹ́ mú un lọ sí Kàdúná, Màmá ní Kàdúná jìnnà. Òmíràn wá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwọn, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi bíi tiwọn, Màmá ní òun mọ bàbá bàbá rẹ̀, ìran wọn kì í lè panu mọ́. Lẹ́yìn náà àwọn tó ń bọ̀ dín kù, wọ́n dín kù, wọ́n tán. Bàbá tó bá iṣẹ́ rélùwéè wá sí Minna ti kú. Ó ku òun àti Màmá nínú yàrá méjì, ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, àga Bàbá ní igun, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé.

Ẹ̀rù máa ń ba Àlàbá. Bí o bá bi í pé ẹ̀rù kí ni, kò ní lè sọ. Ẹ̀rù kí òun má sọ̀rọ̀ jù. Ẹ̀rù kí wọ́n má mọ̀ pé ìwé mẹ́rin péré lòun kà. Ó ti wá mọ bí a ti ń wo ojú ènìyàn kí ènìyàn tó la ẹnu, kí ó lè tètè mọ ibi tí yóò sá sí.

Nígbà tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀, tí wọ́n fi Minna ṣe olú ìlú, ara ìlú kò balẹ̀ mọ́. Kátákátá ń hú ilẹ̀ ní Nassarawa, ọkọ̀ ńlá ń kó yanrìn kọjá, àwọn akọ̀wé ìjọba ń wọlé láti Sókótó àti láti ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ wọn ń wọ ilé-ìwé, aṣọ ilé-ìwé ni Àlàbá sì ń rán jù. Aṣọ yẹn ló gbé Simeon Akínlabí wá.

Ọ̀sán ni. Ọkùnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó di ọmọdébìnrin kan lọ́wọ́ mú. Àwọ̀ ọmọ náà pọ́n bí ẹ̀pà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, irun rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Àwọn ọmọ àdúgbò ti tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń kọrin "Bàtúrìyá, Bàtúrìyá," bí àwọn ọmọ Minna ti máa ń ṣe sí òyìnbó. Ọmọ náà yíjú padà, ó fi èdè Hausa dá wọn lóhùn. Ohun tó sọ fún wọn nípa bàbá wọn, Àlàbá díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn ọmọ náà túká.

"Ẹ kúuṣẹ́, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ má bínú sí ẹnu rẹ̀. Ibí ló ti kọ́ ọ."

"Ẹnu tó ń gba ara rẹ̀ ni, sà," ni Àlàbá wí. Ó wọn ọmọ náà ní èjìká, ó wọ̀n ọ́n nídìí. Ó mú pẹ́ńsùlù àti èkìrí pépà kékeré tó máa ń fi pín-ìn-nì há aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan. "Kí ni orúkọ rẹ̀, kí n lè fi sí aṣọ?"

"Oksana."

"Ẹ̀n?"

"Oksana," ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Pẹ́ńsùlù dúró lókè. Àlàbá mọ̀ pé bí òun bá fi kan pépà báyìí, ìtìjú ni yóò tẹ̀ lé e. Ọwọ́ rẹ̀ gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀, ó wá òwú, ó já pupa kan, ó so ó mọ́ igun aṣọ.

"Òwú pupa ni tìrẹ," ó wí fún ọmọ náà. "Kò sẹ́lòmíràn tó ní pupa níbí. Kò lè sọnù."

Ọmọ náà gbé ojú sókè. Ó fọwọ́ kan òwú náà. Àfi bí ẹni pé wọ́n fún un lẹ́bùn.

Bàbá rẹ̀ ní, "Àwọn mìíràn a ní kí n wá orúkọ mìíràn fún un. Wọ́n ní èyí ń há àwọn lọ́fun."

Àlàbá fẹ́ bi í pé kí ni orúkọ náà ń sọ. Ó ti dé ẹnu. Ó gbé e mì.

Aṣọ parí, wọ́n wá gbé e. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Akínlabí tún dé, ó ní bọ́tìnì kan já. Àlàbá bá a rán an. Kò pẹ́, òmíràn já. Omi ẹ̀rọ ìjọba ni ọkùnrin náà ń bá ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ páìpù ló sì máa ń sọ nígbà tó bá jókòó ti ẹ̀rọ: ibi tí páìpù dé, ibi tí òkúta kò jẹ́ kó kọjá. Àlàbá kì í dáhùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá wá, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ a máa lágbára jù létí rẹ̀.

Fàtímọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Fàtímọ̀ ń ta òwú àti bọ́tìnì ní Limawa, ọmọ Ìlọrin ni, ọ̀rẹ́ Àlàbá sì ni láti kékeré. Ó jókòó lọ́jọ́ kan, ó wo ọkùnrin náà tó ń lọ.

"Àlàbá, bọ́tìnì kí ló máa ń já báyìí?"

"Bọ́tìnì aṣọ ọmọ rẹ̀ ni."

"Èmi ni mo ta bọ́tìnì yẹn fún ọ. Wàláhì, bọ́tìnì mi kì í já. Ẹnì kan ló ń fi abẹ gé e."

Àlàbá tẹ orí ba. Ó yẹ kí ó rẹ́rìn-ín, ojú ló ń tì í.

"Ó yá, jẹ́ kí n bá ọ wádìí," ni Fàtímọ̀ wí, ó dìde bí ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ sí lọ́wọ́.

Ohun tó wádìí bọ̀ rèé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Simeon. Ìjọba ló rán an lọ kàwé ní Kíẹ́fù, ní ilẹ̀ Ukraine, tí àwọn ènìyàn ibí ń pè ní Rọ́ṣíà. Ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, wọ́n bí ọmọ yìí, àìsàn pa ìyàwó nígbà tí ọmọ ń kọ́ ìrìn. Ó gbé ọmọ padà, Minna níṣẹ́, ó bá iṣẹ́ dé Minna. Òun àti ọmọ nìkan ló wà nínú ilé ìjọba kan ní Nassarawa.

"Ó ní kí n bá òun bá ọ sọ̀rọ̀," ni Fàtímọ̀ wí. "Ó ní ọwọ́ rẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn, mi ò fi kún un. Kí ni kí n sọ fún un?"

Àlàbá yí abẹ́rẹ́ nínú ìka. "Sọ fún Màmá," ó wí. Ó sì mọ̀ bí ó ti ń sọ ọ́ pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ yóò ti kọsẹ̀.

Màmá jókòó sórí ẹní nígbà tí Fàtímọ̀ wọlé tọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Àlàbá wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, kò lè wọlé, kò lè lọ.

Fàtímọ̀ kí, ó kí títí. Ó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Màmá gbọ́ ọ láìjá a lẹ́nu, ohun tí kì í ṣe ìṣe rẹ̀.

"Ọmọ kan wà nílé náà," ni Màmá wí níkẹyìn.

"Ó wà, Màmá. Obìnrin."

"Kí ló ń jẹ́?"

Fàtímọ̀ pe orúkọ náà bó ti mọ.

"Kí ni ìyẹn ń sọ?"

"Àh, Màmá, orúkọ òkè òkun mà ni."

"Fàtímọ̀, ìwọ náà ọmọ ilé dáadáa ni. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ìyẹn? Ọmọ tí ìyàwó bá nílé, ó ju ìyàwó lọ nínú ilé yẹn, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìyàwó kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an, yóò wá èyí tí yóò máa fi pọ́n ọn lé ni. Ẹni tí ọmọ mi yóò máa pọ́n lé, ṣé kí n má mọ ohun tó ń jẹ́?"

Àlàbá gbọ́ bí Fàtímọ̀ ti ń fa èémí.

"Ayọ̀ ni, Màmá," ni Fàtímọ̀ wí. "Ayọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún."

"Ayọ̀?"

"Ayọ̀ gan-an."

Màmá tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ìyẹn kò burú," ó wí. "Kí wọ́n máa bọ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú."

Níta, Àlàbá di ọwọ́ Fàtímọ̀ mú. "Ta ló sọ fún ọ pé ayọ̀ ni?"

"Hàbá, Àlàbá. Alárinà tó bá ń wá òtítọ́ kiri, ìgbà wo ni yóò rí yìgì so? Ọmọ wo ni kì í ṣe ayọ̀ fún ẹni tó bí i?"

"Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Màá sọ fún bàbá ọmọ kí ó mọ ohun tí a sọ. Ta ló gbọ́ èdè yẹn ní Minna yìí?"

Ó yẹ kí Àlàbá fúnra rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Simeon wá kí ọjọ́ Àìkú tó pé, ó jókòó ti ẹ̀rọ, bọ́tìnì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń yí bírí. Ó jọ pé ó ń retí nǹkan. Àlàbá wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà, èyí sì mú kí ẹ̀rù tirẹ̀ di méjì. Kò béèrè. Ọkùnrin náà dìde, ó lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Simeon dé pẹ̀lú ọmọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Àkànjí, tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti gúúsù, aláwàdà tó ní ikùn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Màmá dáhùn dáadáa. Àkànjí ní àwọn rí òdòdó kan lágbàlá yìí, Màmá ní òdòdó náà ti pẹ́ lórí igi o, Àkànjí ní èyí tó bá pẹ́ lórí igi ni oòrùn mọ̀ jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àlàbá gbé omi wá. Ó ń rò ó lọ́kàn pé, bóyá. Bóyá èyí.

Màmá na ọwọ́ sí ọmọ náà. "Wá níbí." Ọmọ náà lọ, ó kúnlẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé irun pupa náà, ó pa ojú dé. "Ayọ̀ yìí," ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, "Ayọ̀ tí Ọlọ́run fi fún ilé yìí..."

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Màmá," ni ọmọ náà wí, ó rọra wí i, ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jọ, "èmi kì í ṣe Ayọ̀. Oksana, Bàkúwà ni. Kàkáà mi ló sọ ọ́." Ó fi ọwọ́ júwe ọ̀nà jíjìn. "Kàkáà tó wà lọ́hùn-ún."

Kàkáà ni ìyá àgbà lẹ́nu àwọn ọmọ Minna. Bàkúwà, Màmá kò sì nílò ògbufọ̀ kankan. Ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Minna, ìyàwó tuntun, ohun tí àwọn obìnrin ilé tí wọ́n wọ̀ sí ń pè é nìyẹn. Obìnrin àlejò. Ẹni tó ti òkèèrè wá.

Màmá gbé ọwọ́ kúrò.

"Ọ̀gbẹ́ni Akínlabí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ mọ̀ pé alárinà sọ fún mi pé ayọ̀ ni?"

"Wọ́n sọ fún mi. Mo dákẹ́."

"Kí ló dé?"

Ọkùnrin náà gbé orí sókè. "Ẹ̀rù bà mí, mà."

Àkànjí fẹ́ fi àwàdà gbà á, Màmá gbé ọwọ́ sókè. Kò pariwo. Ì bá sàn kí ó pariwo.

"Ẹ gbọ́," ó wí. "Èmi ti bí àlejò mẹ́ta rí. Mo mọ bí wọ́n ti í ṣe. Wọn a wá, wọn a jẹ, wọn a rẹ́rìn-ín sí ọ, wọn a palẹ̀ mọ́. Àlàbá nìkan ló jókòó tì mí. N kò ní fi ọwọ́ ara mi mú un lọ sílé tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní ẹni tó ń lọ. Ẹ kú ìrìn o."

Wọ́n dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ náà fi ọwọ́ wá igun aṣọ rẹ̀, ó fi òwú pupa han Àlàbá, bí ẹni pé kí ó lè rí i pé kò tíì sọnù. Bàbá rẹ̀ fà á lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ọyẹ́ dé. Ètè là, eruku bo ẹ̀rọ ìránṣọ, òkè olókùúta tó yí ìlú ká sì pòórá nínú ìkùukùu funfun. Kò sí bọ́tìnì tó já mọ́. Fàtímọ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn. Àlàbá ń jí, ó ń rán aṣọ, ó ń dáná, òun àti Màmá ń jẹun, ohùn ṣíbí ni ohùn tó wà nínú ilé. Nígbà mìíràn Màmá a wò ó bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, a sì gbójú kúrò. Àlàbá kò fi òwú pupa rán nǹkan kan mọ́. Ó kó o sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ọjọ́ kan ni ó rò ó pé bí Màmá bá kú, òun yóò máa jókòó lórí ẹní yẹn, kò ní sí ẹni tí yóò jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ogójì ọdún ó lé ni òun ti lò ní Minna, wọ́n sì ń bi òun pé ìgbà wo lòun ń lọ sílé. Bí òun bá sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ọdún, wọn a ní, ẹ wo ọmọ Gàmbàrí. Kò síbi tí wọn kì í ti í bi òun ní ìgbà tí òun ń lọ. Orúkọ ọmọ yẹn, ta ni ó wá ń jẹ́?

Ó ronú dé ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Fàtímọ̀ yọjú, ó dúró lókèèrè bí ajá tó jí ẹran. "Mi ò wá jókòó. Mo ní kí o gbọ́ ni. Wọ́n ń gbé ọkùnrin yẹn lọ sí Kòńtàgórà. Kí oṣù yìí tó parí."

Nígbà tí Fàtímọ̀ lọ, Àlàbá kó abẹ́rẹ́, ó kó sísọ́ọ̀sì, ó sí àpótí, ó mú òwú pupa. Ó mọ̀ pé òun fi aṣọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́tí ẹ̀wù ọmọ náà, nítorí ọmọ a máa ga. Yóò ti ga báyìí. Ẹ̀wù yóò ti kúrú. Obìnrin kì í dá lọ sílé ẹni tó ń fẹ́ ẹ, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ a máa lọ tú ìṣẹ́tí.

Ó béèrè ọ̀nà títí dé Nassarawa. Ó yípadà lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí padà. Ó kan ilẹ̀kùn.

Ọmọ náà ló ṣí i. Òun nìkan ló wà nílé. Ó wò ó, kò béèrè nǹkan kan. "Sánnù dà zúwà," ó fi Hausa kí i káàbọ̀. Ó fà á wọlé, ó fi àga hàn án, ó lọ, ó bu omi sínú kọ́ọ̀pù tánganran, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ mu omi, àlejò."

Àlàbá gba kọ́ọ̀pù náà. Kò lè mu ún lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá ní bí ènìyàn bá wá, omi ni kí n kọ́kọ́ fún un," ni ọmọ náà wí. "Kí n tó béèrè ohun tó fẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Kàkáà mi ń ṣe." Ó dúró. "Kí lẹ fẹ́?"

"Mo wá tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ."

Lóòótọ́ ẹ̀wù náà ti fò kọjá orúnkún. Ọmọ náà dúró níwájú rẹ̀, Àlàbá kúnlẹ̀, ó ń tú u, ó ń rán an padà. Ilé náà mọ́ jù. Àpótí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́.

"Yàúṣè zá kù táfì?" ni ọmọ náà bi í láti òkè. Ìgbà wo lẹ máa lọ?

"Kí ló dé tí o fi ń béèrè?"

"Gbogbo ẹni tó bá wá ló máa ń lọ. Bí mo bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kì í dùn mí púpọ̀."

Abẹ́rẹ́ gún Àlàbá níka.

Ibẹ̀ ni Simeon bá wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà tó kún fún amọ̀, kò mọ ohun tí ó yẹ kó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ọmọ náà bọ́ síta lọ fi ẹ̀wù rẹ̀ han àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àlàbá dìde. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ lọ́nà, ẹyọ kan ló kù. "Orúkọ rẹ̀," ó wí. "Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Ọkùnrin náà jókòó. "Gbogbo ìgbà tí mo mú bọ́tìnì wá," ó wí, "ohun tí mo ń retí kí ẹ bi mí nìyẹn."

Ó sọ ọ́. Ó ní ìyá ìyàwó òun, Hàlínà, kò fẹ́ òun rárá. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, àlejò dúdú kan dé láti ibi tí kò mọ̀, ó fẹ́ gbé e lọ. Obìnrin náà kò jẹ́ kí òun wọ ilé. Òun àti ọmọ rẹ̀ fẹ́ra láìsí i níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, yìnyín ń bọ́, obìnrin náà fi ẹsẹ̀ rìn wá, ó kan ilẹ̀kùn, òun ṣí i. Ìyàwó òun ní kí òun bu omi gbígbóná fún un. Obìnrin náà mu ún, ó sunkún. Obìnrin náà ní òun ti àlejò mọ́ta, àlejò náà sì ṣílẹ̀kùn fún òun, ó fún òun lómi. Ó ní kí òun lè máa rántí, orúkọ ọmọ yìí ni Oksana.

"Orúkọ àtijọ́ ni," ni Simeon wí. "Àwọn ará Gíríìkì ló kọ́kọ́ ni í, Ksénià ni wọ́n ń pè é. Ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e dé Ukraine, àwọn ènìyàn ibẹ̀ wá fi ẹnu ara wọn yí i, ó di Oksana. Àlejò ni. Ẹni òkèèrè. Ó tún kan ẹni tó mọ àlejò í ṣe. Bí mo bá ti sọ àlejò lásán fún àwọn ènìyàn wa, ojú wọn a yí padà. Mo bá wá ń dákẹ́."

"Èmi náà ń dákẹ́," ni Àlàbá wí. "Ó ti sú mi."

Ó kó sísọ́ọ̀sì rẹ̀. Ọkùnrin náà sìn ín dé ojú ọ̀nà, ó dúró, ó ń wò ó títí ó fi yí igun.

Nígbà tó délé, Màmá ń ṣa ìrẹsì. Àlàbá jókòó. Ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ jókòó lórí àga Bàbá. Màmá rí i. Àlàbá sọ ibi tí ó lọ, ó sì sọ ìtàn obìnrin Kíẹ́fù náà bí wọ́n ti sọ ọ́ fún un, kò yọ ẹkún kúrò, kò yọ yìnyín kúrò.

Màmá ń ṣa ìrẹsì.

"Obìnrin yẹn," ó wí. "Ọmọ mélòó ló bí?"

"Ẹyọ kan. Èyí tó kú."

Ọwọ́ Màmá dúró. "Ó sì jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí Minna?"

"Ó jẹ́ kí wọ́n gbé e wá."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kan, Màmá. Òun nìkan ni."

Màmá gbé àtẹ ìrẹsì kúrò lórí ẹsẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà. Ó wò ó bí ẹni tó ń wò ó nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀ mọ́.

"Ó lágbára jù mí lọ," ó wí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀: "Pe Fàtímọ̀. Kí ó sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀. Sọ fún un pé ohun tí mo bá wí ni kí ó wí. Kí ó má fi iyọ̀ sí i."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní ariwo, kí ìrìn Kòńtàgórà tó yá. Ìyá ìyàwó kì í bá ìyàwó délé ọkọ, nítorí náà Màmá dúró sílé. Nígbà tí Àlàbá kúnlẹ̀ fún àdúrà, Màmá di èjìká rẹ̀ mú, ó gbàdúrà, ó dé ìparí, ó dákẹ́, ó tún fi kún un: "Kí o sì wo Hàlínà lọ́hùn-ún, Olúwa. Òun nìkan ni." Kò sọ pé kí Ó wo òun náà. Nígbà tí Àlàbá yíjú padà láti ojú ọ̀nà, ó rí i tí ó fa àga Bàbá sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e.

Ní Nassarawa, àwọn obìnrin ilé Ọ̀yọ́ tó bá Àkànjí wá ti dúró níwájú ilé. A gbọ́dọ̀ fi omi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kí ó tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ilé ló máa ń bu omi náà. Ọmọ ilé kan ṣoṣo ló sì wà. Ó dúró láàárín ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò omi, ẹ̀wù rẹ̀ gùn dáadáa.

"Ìyàwó," ni ẹ̀gbọ́n obìnrin kan wí, "ẹni tí o bá nílé rèé. Ó jù ọ́ lọ níhìn-ín. O ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Kí ni ìwọ yóò máa pè é?"

"Apọ́nbéporẹ́ ni," ni ẹnì kan wí sí i létí. "Ìbàdí-àrán," ni òmíràn wí.

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ àtijọ́ dé. Àlàbá wo ọmọ náà, ọmọ tí wọ́n ń bi í lójoojúmọ́ pé níbo ló ti wá. Ó wo ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Onílé," ó wí. "Onílé mi."

Àkànjí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o. Àlejò ló ń jẹ́, ìyàwó ní Onílé ni." Àwọn obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Simeon kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ rẹ̀ létí ní Hausa.

Ọmọ náà gbọ́ ọ tán. Ó rọra da omi sí ẹsẹ̀ Àlàbá, ọ̀tún, ó da á sí òsì. Kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó sún mọ́ ọn, ó bi í ní ohùn tí ẹlòmíràn kò lè gbọ́.

"Yàúṣè zá kù táfì?"

"Ìwọ lo nilé," ni Àlàbá wí. "Ìwọ ni kí o sọ ọ́."

Ọmọ náà ronú sí i. Omi ń sun lẹ́nu ìgò náà.

"Tò," ó wí. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ má lọ."